Impressions pọ̀, àwọn tó ń tẹ fídíò kò pọ̀: ṣé thumbnail ló fà á?

ÀtẹÌṣirò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ YouTube dénú. Fídíò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo Excel ló wà lórí ìkànnì mi. Àwọn tó bá wọlé máa ń jókòó tì í, ọ̀pọ̀ wọn ń wò ju ìdajì lọ. Àmọ́ àwọn tó ń wọlé gan-an ni kò pọ̀. Impressions, ìyẹn iye ìgbà tí YouTube gbé fídíò síwájú èèyàn, ń lọ sókè, àmọ́ CTR, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà náà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ò kúrò lójú 1.9%. Bí àwọn thumbnail, ìyẹn àwòrán kékeré tí èèyàn ń rí kó tó tẹ fídíò, ṣe rí rèé: àwòrán ojú Excel bó ṣe wà, àkọlé fídíò lódindi lórí rẹ̀, àmì ìkànnì ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé thumbnail lè dá nìkan fa èyí, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n láìméfò? Tí mo bá sì pààrọ̀ thumbnail fídíò tó ti pẹ́ lórí ìkànnì, ṣé kò ní pa á lára?

Wòyewòye:
Ẹ má tíì fọwọ́ kan thumbnail o. 1.9% yẹn, àdàlù ni. Ó pa onírúurú èèyàn pọ̀ sójú kan, àfi kí ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tó mọ ẹni tó ń kọjá láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí ohun tí YouTube ń kà. Kí impression kan tó wọlé, ó kéré tán ìdajì thumbnail gbọ́dọ̀ hàn lójú ẹ̀rọ, kó sì wà níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Èyí tó bá wá láti orí ojúlé mìíràn, láti inú ìfitónilétí, láti orí card tàbí end screen (àwọn àpótí ìlìǹkì tó ń yọ láàárín tàbí ní òpin fídíò), wọn kì í kà á mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ìlìǹkì fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí 100 èèyàn sì tẹ̀ ẹ́, iye àwọn tó wò ó á lọ sókè, CTR ò ní mì. YouTube fúnra wọn sọ pé ìdajì gbogbo ìkànnì àti fídíò ló ní CTR tó wà láàárín 2% sí 10%. Fídíò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tí àwọn tó wò ó kò tíì tó 100, nọ́ńbà rẹ̀ lè fò kọjá ibẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ má fi irú ìyẹn pinnu ohunkóhun.

Ẹ wá ṣí YouTube Studio, ibi tí ẹni tó ni ìkànnì ti ń bójú tó o, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú fídíò kan, ẹ wọ Analytics, ẹ wọ Reach, kí ẹ ṣí tábìlì Traffic source, kí CTR wà lára àwọn òpó tó ń hàn. Ìlà mẹ́ta ló ṣe kókó níbẹ̀: YouTube search, Browse features àti Suggested videos (èyí tí YouTube ń dábàá fún ẹni tó ń wo fídíò mìíràn). Ẹni tó bá gba Search wọlé ti mọ ohun tó ń wá kó tó rí yín. Ẹni tó wà ní Browse kò wá nǹkan kan, ojú ewé àkọ́kọ́ ló ṣí, ó ń yí i lọ sísàlẹ̀. Thumbnail yín ló gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bí Search bá dára tí Browse sì burú, thumbnail ni kí ẹ bá wí. Bí Search fúnra rẹ̀ bá burú, ẹ yẹ àkọlé wò kí ẹ tó yẹ àwòrán wò, torí ó ṣeé ṣe kí fídíò náà máa jáde lábẹ́ ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń kó àyà èèyàn sókè lásán. CTR sábà máa ń ga nígbà tí fídíò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, torí pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti mọ ìkànnì ni ó kọ́kọ́ ń dé. Tí YouTube bá wá ń gbé e síwájú àwọn tí kò mọ̀ yín rí, CTR á wálẹ̀. Bí impressions bá ń gòkè tí CTR sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀, fídíò náà ń tàn kálẹ̀ ni. Bí ẹ bá lọ pààrọ̀ thumbnail lásìkò yẹn, ẹ lè fọwọ́ ara yín ba ohun tó ń lọ dáadáa jẹ́.

ÀtẹÌṣirò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti wò ó. Lórí fídíò VLOOKUP (àṣẹ Excel tó ń bá èèyàn wá nǹkan nínú àtẹ), Search jẹ́ 6.2%, Browse 0.9%, Suggested 1.1%. Browse ló sì ní impressions tó pọ̀ jù.

Ayàwòrán:
Ọ̀rọ̀ ti hàn gbangba nígbà náà. Ẹni tó ń wá VLOOKUP rí yín, ó wọlé. Ẹni tí kò wá nǹkan kan kò rí ohun tó lè mú un dúró. Ẹ jẹ́ ká wá wo thumbnail náà bí òǹwòran ṣe ń rí i.

1280 × 720 pixel lẹ̀yin ń lò tí ẹ bá ń ṣe é. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò tí ẹnì kan ń wò lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí YouTube máa ń to fídíò mìíràn sí, fífẹ̀ thumbnail lè má ju 168 pixel lọ. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 13% ohun tí ẹ ṣe. Lẹ́tà tó ga ní 100 pixel lọ́wọ́ yín á di 13. Ìlà kan nínú Excel máa ń ga tó 20 pixel. Bí ẹ bá ya ojú ẹ̀rọ tó fẹ̀ ní 1920, tí wọ́n wá sọ ọ́ di 168, ìlà yẹn ò ní tó 2 pixel. Kò sí nọ́ńbà kan tí ojú lè kà níbẹ̀. Gbogbo àtẹ tí ẹ fara balẹ̀ tò á di àbàwọ́n eléérú lásán.

Èyí tó kàn yìí, wọn kì í sọ ọ́ tó bó ṣe yẹ: Excel funfun, ojú ewé YouTube náà funfun fún ẹni tí kò lo dark theme (ojú ewé dúdú). Etí thumbnail yín á wọnú ojú ewé lọ, ojú ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì sá lọ sínú dúdú pátápátá, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń lo dark theme. Ẹ fi àwọ̀ tó wà láàárín sẹ́yìn, bí àwọ̀ ewé tàbí búlúù tí kò mọ́lẹ̀ jù, èyí tó máa hàn lójú méjèèjì.

Fún VLOOKUP yẹn, ẹ má ya gbogbo ojú Excel. Ẹ sún mọ́ àpótí mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Ẹ jẹ́ kí èyí tó gbé #N/A, àmì àṣìṣe tí Excel ń fi hàn bí kò bá rí ohun tí ẹ ní kó wá, fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán, kí ẹ fi ìlà pupa tó nípọn yí i ká, kí àwọn àpótí tó kù ṣe bàìbàì díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí #N/A ti dà láàmú rí máa dá a mọ̀ kó tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni yẹn gan-an lẹ ń fẹ́. Ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ fi Excel ṣe máa kọjá lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Àkọlé tí ẹ kọ sórí àwòrán, ẹ nù ún kúrò. YouTube á kọ ọ́ sí abẹ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ thumbnail fúnra rẹ̀, ẹ kàn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni, èyí tó wà lórí àwòrán ò sì ṣeé kà. Bí ọ̀rọ̀ bá máa wà níbẹ̀, kó má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kó sì sọ ohun tí àkọlé kò sọ. Bí àkọlé bá jẹ́ "VLOOKUP láti ìbẹ̀rẹ̀", ọ̀rọ̀ bíi "Kí ló sọnù?" lẹ́gbẹ̀ẹ́ #N/A ti tó. Kí lẹ́tà ga tó 120 pixel, kí ara rẹ̀ nípọn. Lẹ́tà Yorùbá ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà méjì kí àmì wọn má gun ara wọn. Ẹ tún yẹ fọ́ńtì wò: bí kò bá ní ẹ, ọ àti ṣ, ètò náà á lọ yá wọn lára fọ́ńtì mìíràn, wọ́n á wá tín-ín-rín láàárín àwọn tó nípọn.

Pupa tín-ín-rín máa ń ṣe bàìbàì nínú JPG, torí pé JPG máa ń dín kúlẹ̀kúlẹ̀ àwọ̀ kù ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ. YouTube sì máa ń tún àwòrán náà fún pọ̀ tí ẹ bá ti gbé e síbẹ̀, ẹ ò lè sá fún un. Lẹ́tà tàbí ìlà tó nípọn ni oògùn rẹ̀.

Àmì ìkànnì tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ibẹ̀ ni YouTube máa ń lẹ iye ìṣẹ́jú fídíò mọ́. Ẹ fi nǹkan bíi 250 × 100 pixel sílẹ̀ lófìfo níbẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ náà ni ìlà pupa máa ń wà fún ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò tẹ́lẹ̀, ẹ má kọ nǹkan sún mọ́ ọn.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ sọ ọ́ di 168 pixel ní fífẹ̀, kí ẹ gbé e sáàárín thumbnail àwọn ẹlòmíràn tó ń jáde lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lé, kí ẹ wá yọ gbogbo àwọ̀ rẹ̀ kúrò. Bí #N/A bá pòórá nígbà tí ó di dúdú àti funfun, a jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló gbé e dúró, ìmọ́lẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn kò yàtọ̀ síra tó.

Ojú èèyàn tó la ẹnu sílẹ̀? Fún Excel, mi ò rí ohun tó fẹ́ ṣe. Àpótí tó ní àṣìṣe yẹn ló yẹ kó gba àyè náà.

DánWò:
Mo fara mọ́ ohun tí Ayàwòrán sọ pátá, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká máa lé CTR bí ẹni pé òun nìkan ló wà. Ká ní impressions jẹ́ 10,000. Thumbnail kìíní mú CTR 4% wá, 400 èèyàn wọlé, kálukú wo ìṣẹ́jú 5: 2,000 ìṣẹ́jú nìyẹn. Èkejì pariwo ohun tí kò sí nínú fídíò, CTR gòkè dé 7%, 700 èèyàn wọlé, wọ́n rí i pé kì í ṣe ohun tí wọ́n bá wá, wọ́n jáde ní ìṣẹ́jú 2: 1,400 péré. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jù ló pàdánù.

Ìdí nìyẹn tí Test & Compare (tí wọ́n tún ń pè ní A/B testing), irinṣẹ́ inú Studio tó ń fi thumbnail wéra, kì í fi CTR mú olúborí. Àsìkò tí àwọn èèyàn fi wo fídíò lábẹ́ thumbnail kọ̀ọ̀kan ló ń wò. Orí kọ̀ǹpútà lẹ ti máa rí i. Ìkànnì gbọ́dọ̀ ti ní àǹfààní advanced features (àfikún irinṣẹ́ tí YouTube ń ṣí fún ìkànnì tó bá ti fìdí ara rẹ̀ múlẹ̀). Ẹ lè gbé thumbnail mẹ́ta sí i fún fídíò kan, á pín wọn fún àwọn òǹwòran, ó sì lè gba tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí impressions bá kéré jù, tàbí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra jù, á ní òun ò rí ìyàtọ̀. Nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ mẹ́ta dán àwòrán kan ṣoṣo wò. Kí èrò wọn yàtọ̀: kí ọ̀kan gbé #N/A, kí ọ̀kan gbé àtẹ tó ti yọrí sí rere, kí ìkẹta pín sí méjì, àṣìṣe lápá òsì, ojútùú lápá ọ̀tún.

Ní ti fídíò tó ti pẹ́, pípààrọ̀ thumbnail kì í pa iye àwọn tó ti wò ó rẹ́, ìlìǹkì rẹ̀ ò yí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ewu tó wà ni pé ẹ lè ba Search jẹ́ níbi tí ẹ ti ń tún Browse ṣe. Ẹ mú èyí tí impressions rẹ̀ pọ̀ jù tí CTR rẹ̀ sì kéré ní Browse, tí àwọn tó wọlé ń jókòó wò ó. Ẹ kọ CTR ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, ẹ pààrọ̀ thumbnail, ẹ má fọwọ́ kan àkọlé, kí ẹ wo ọjọ́ 7 mìíràn. Browse pẹ̀lú Browse, Search pẹ̀lú Search. Bí Search bá já wálẹ̀ gan-an, ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Ẹ wo ibi tí fídíò dé ní 0:30 náà. Analytics máa sọ ìdá àwọn tó ṣì ń wò nígbà yẹn. Bí thumbnail bá gbé #N/A, kí àpótí yẹn gan-an jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí nínú fídíò. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi orin àti àmì ìkànnì ṣe ìṣẹ́jú àáyá 20, àwọn tí thumbnail tuntun kó wá á ti lọ.

ÀtẹÌṣirò:
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọ̀gá. Fídíò mi máa ń fi orin bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, màá gé e kúrò nínú àwọn tó ń bọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: Shorts, àwọn fídíò kúkúrú YouTube, ńkọ́? Ṣé bákan náà ni?

Wòyewòye:
Rárá. Nínú Shorts, òǹwòran ń fi ọwọ́ fà á sókè ni, fídíò fúnra rẹ̀ ló ń bá pàdé, kò rí thumbnail kankan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí thumbnail rẹ̀ ti lè hàn ni ibi bí ojú ewé ìkànnì yín àti inú Search. Orí fóònù lẹ ti máa yan ojú kan nínú fídíò náà kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ yan èyí tí ohun tí ẹ ń kọ́ni ti hàn ketekete, kí ẹ wá lo agbára tó kù sórí ìṣẹ́jú àáyá méjì àkọ́kọ́.