Ìrìnàjò ọjọ́ kan láti Átẹ́nì: èwo ni kí a yọ nínú Kọ́ríńtì, Mycenae, Epidaurus àti Nafplio?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ní oṣù kẹwàá, èmi àti màmá mi yóò wà ní Átẹ́nì, a sì fẹ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti háyà mọ́tò pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀, kí ó gbé wa yíká àwọn ahoro àtijọ́ tó wà níhà Peloponnese ní gúúsù Gíríìsì, kí a sì dé etíkun kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sáré tẹ̀lé afinimọ̀nà pẹ̀lú èrò bọ́ọ̀sì ńlá. Kọ́ríńtì gan-an ló ń fà wọ́n, nítorí pé olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kejìdínlógún, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti dé Kọ́ríńtì. Ilé iṣẹ́ tí mo kàn sí là á sílẹ̀ pé a óò rí ipa omi tí wọ́n gbẹ́ ní Kọ́ríńtì, ahoro Kọ́ríńtì, Mycenae, Epidaurus àti Nafplio, a óò sì padà ní aago méje alẹ́. Ǹjẹ́ ọjọ́ kan gba gbogbo èyí? Bí kò bá gbà á, èwo ni kí a yọ?

Awakọ̀ Kypseli

Ẹ kú ètò o. Átẹ́nì ni mo ń gbé, iṣẹ́ awakọ̀ ni mo sì ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà. Átẹ́nì sí Kọ́ríńtì jẹ́ nǹkan bí 80 kìlómítà, òpópónà márosẹ̀ tó dára sì ni; Mycenae, Nafplio àti Epidaurus kò jìnnà síra wọn. Síbẹ̀, bí ẹ bá ka àlọ mọ́ àbọ̀, wákàtí bíi márùn-ún ni ẹ óò lò nínú mọ́tò nìkan, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ óò sì pín fún ibi márùn-ún, tòun ti oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kò yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀sì ńlá tí màmá ń sá fún. Ohun tí ẹni tó háyà mọ́tò fún ara rẹ̀ ń sanwó fún ni pé kí ó lè pẹ́ níbi tó bá wù ú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi Epidaurus sílẹ̀, kí ẹ sì má ṣe gun òkè Mycenae. Ẹnubodè Kìnnìún tí gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1250 ṣáájú ìbí Jésù, wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta ibẹ̀ sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ibojì ńlá tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìṣúra Atreus wà lẹ́bàá títì kí ẹ tó dé òkè, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, òkúta tí wọ́n fi dábùú òkè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bí 120 tọ́ọ̀nù. Ẹni orúnkún ń dùn lè wọ ibẹ̀ láìsí wàhálà. Ìbòjú wúrà tí Heinrich Schliemann, awalẹ̀pìtàn ará Jámánì, hú jáde ní Mycenae ní 1876 kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Átẹ́nì ló wà, ẹ lè mú màmá lọ wò ó ní ọjọ́ mìíràn.

Ẹ tún béèrè bóyá afinimọ̀nà wà nínú owó tí wọ́n pè fún yín. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìjọba nìkan ló lè mú àlejò rìn nínú ahoro kí ó sì máa ṣàlàyé. Awakọ̀ lè sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni yóò ti dúró dè yín. Ọ̀pọ̀ àlejò ni kì í mọ èyí títí wọn yóò fi dé géètì, ó sì máa ń dùn wọ́n.

Olùkọ́ Ìtàn, Ìbàdàn

Mo kí màmá gidigidi. Mo gbà pẹ̀lú awakọ̀ wa lórí àkókò, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé kí ẹ yọ Epidaurus. Mycenae ni kí ẹ yọ pátápátá. Ẹni tó bá tìtorí Pọ́ọ̀lù wá yẹ kí ó gba ọ̀nà mìíràn.

Ní Kọ́ríńtì, ẹ sọ fún màmá ṣáájú pé ìlú tí àwọn ará Róòmù tún tẹ̀dó ni wọ́n fẹ́ rí. Róòmù ló pa ìlú àwọn Gíríìkì run ní ọdún 146 ṣáájú ìbí Jésù, Julius Caesar ló sì tún un dá sílẹ̀ ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù. Ìdí nìyí tí ìlú tí Pọ́ọ̀lù bá fi kún fún àwọn àtìpó, àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí Ákúílà àti Pírísílà tí wọ́n lé kúrò ní Róòmù fi lè rí iṣẹ́ àgọ́ pípa ṣe níbẹ̀. Òpó méje tó ṣì dúró nínú tẹ́ḿpìlì Apollo, òrìṣà àwọn Gíríìkì, ti di ohun àtijọ́ lójú Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti gbé wọn nàró. Àárín ọjà ni ìtẹ́ ìdájọ́ wà, níbi tí wọ́n ti fa Pọ́ọ̀lù wá síwájú Gálíónì, baálẹ̀ tí Róòmù fi síbẹ̀. Kí màmá jókòó síbẹ̀, kí wọ́n ka ẹsẹ kejìlá títí dé ìkẹtàdínlógún sókè. Òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ Gálíónì sí, tí wọ́n rí ní Delphi, ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 51 lẹ́yìn ìbí Jésù ni ó ṣe baálẹ̀ ní Kọ́ríńtì, ó sì wà lára ohun tó fìdí múlẹ̀ jù lọ tí a fi ń ka ọdún ìgbésí ayé Pọ́ọ̀lù.

Láti ibẹ̀, ẹ má ṣe gba márosẹ̀. Ẹ gba Kenkrea, èbúté tí Pọ́ọ̀lù ti gé irun rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, níbi tí Fébè ti ń ṣe ìránṣẹ́ ìjọ. Omi òkun ti bo apá kan ògiri èbúté náà, ẹ óò sì máa rí i láti etí omi. Ọ̀nà etíkun tó gba ibẹ̀ kọjá ló lọ sí Epidaurus.

Ní Epidaurus, ìtàgé nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń wò, ó sì yẹ ní wíwò lóòótọ́: ìlà ìjókòó 55 tó gba nǹkan bí 14,000 ènìyàn, tí wọ́n ṣì ń ṣeré níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Asklepios, òrìṣà ìwòsàn àwọn Gíríìkì, ló bí ìtàgé náà. Àwọn aláìsàn ń wá sùn síbẹ̀ kí òrìṣà náà lè fi ìwòsàn hàn wọ́n lójú àlá, bí àwọn ìjọ Aládùúrà tiwa ṣe máa ń mú aláìsàn sùn sí ilé àdúrà, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ̀rí àwọn tó gba ìwòsàn sára òkúta. Mo gbà pé màmá yóò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ má ṣe jẹ́ kí Nafplio di ibi tí ẹ kàn sáré jẹun. Òun ni olú ìlú Gíríìsì títí di 1834, ẹnu ọ̀nà ìjọ Saint Spyridon níbẹ̀ sì ni wọ́n ti pa Kapodistrias, olórí wọn àkọ́kọ́, ní 1831. Etí omi rẹ̀ tẹ́jú, ìjókòó pọ̀, ẹ óò sì máa wo Bourtzi, odi kékeré tó wà láàárín òkun. Bàbá ọkọ mi tó ń fi ọ̀pá rìn gbádùn ibẹ̀ ju gbogbo ahoro lọ. Àtẹ̀gùn odi Palamidi lókè ìlú pọ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní 999, ṣùgbọ́n mọ́tò ń dé ẹnubodè òkè. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹja, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó sè é, nítorí pé kìlò ni wọ́n fi ń tà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá, Kenkrea ni wọ́n sì kọ́kọ́ dárúkọ. A ti yọ Mycenae. Ó ku ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ọ̀nà etíkun náà kò ní yọ wọ́n lẹ́nu, àti pé aago mélòó ló yẹ kí a kúrò ní Átẹ́nì?

Awakọ̀ Kypseli

Ọ̀nà náà rí kọ́lọkọ̀lọ, nítorí náà kí màmá jókòó níwájú, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ kí ó má ṣe sáré. Ẹ kúrò ní aago méje àárọ̀. Orí afárá ipa omi tí wọ́n ṣí ní 1893 kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ óò sì wọ Kọ́ríńtì kí èrò tó pọ̀. Nínú oṣù kẹwàá, wọ́n máa ń ti àwọn ahoro ní kíákíá bí ọjọ́ ṣe ń kúrú, nítorí náà ẹ wo àkókò títì Epidaurus ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì fi oúnjẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ilé oúnjẹ Nafplio kì í tì títí alẹ́.