Ẹsẹ̀ rọ́ ní pápá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ku ọjọ́ 10: kí la ó ṣe?

Kóòṣì Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 19 kan nínú ẹgbẹ́ wa fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù ní Sátidé, orí bàtà ẹlòmíràn ló balẹ̀ sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì rọ́. Abẹ́ kókósẹ̀ ìta wú, ó ti ń dúdú. Wọ́n ti fi báámù gbígbóná ra á, wọ́n sì ti fọwọ́ wọ́ ọ dáadáa. Ó ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ bá àwọn tó ń to egungun kí wọ́n fà á bọ̀ sípò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa ku ọjọ́ 10. Ṣé ó lè gbá a?

Fisió Alágbàká:
Kóòṣì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ gba báámù yẹn lọ́wọ́ wọn. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3 àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò láti inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó já. Ooru àti wíwọ́ á jẹ́ kó máa jò sí i, ẹsẹ̀ á wú, oríkèé á le. Fífà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ẹsẹ̀ tó rọ́ báyìí, kì í sábà sí egungun tó yẹ̀. Iṣan tó so egungun mọ́ egungun ló ya, ẹni tó bá tún fà á, yíya ló ń fi kún.

Ẹ wá wò ó bóyá egungun ṣẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn egungun kókósẹ̀ ìta láti sẹ̀ǹtímítà 6 sókè títí dé góńgó rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti inú. Ẹ tẹ egungun tó yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta àárín ẹsẹ̀, lọ́nà ọmọ ìka tó kéré jù, àti èyí tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, níwájú kókósẹ̀. Bí ó bá dùn ún lórí egungun gan-an, tàbí tí kò lè gbé ìṣísẹ̀ 4 nígbà tó ṣẹlẹ̀ àti nígbà tí ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lọ ya X-ray. Títiro náà ìrìn ni o. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Ottawa, ní Kánádà, ní 1992 nìyí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé iwájú kókósẹ̀ ìta ni wọ́n ń tẹ̀. Iṣan tó ya gan-an ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ tí kò ní pariwo.

Ẹ tún fi ọwọ́ méjèèjì fún egungun ojúgun méjèèjì pọ̀ láàárín. Bí ìrora bá sọ kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, èyí yàtọ̀, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó san. Ẹ má fọwọ́ ara yín tọ́jú ìyẹn.

Piọ wọ́tà tó ti dì dára fún ìrora: ẹ fi aṣọ tútù wé e, ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún ṣe é lẹ́yìn wákàtí 2. Ẹ má gbé e lé awọ lásán, á jó o. Báńdéèjì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọmọ ìka lọ sókè, kó le nísàlẹ̀, kó dẹ̀ lókè. Bí ọmọ ìka bá tutù tàbí tó kú, ẹ tú u kíá.

Ọmọ Òkè-Àró:
Abẹ́rẹ́ apàrora ńkọ́? Ẹlòmíràn máa ń gún un láàárọ̀ ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.

Fisió Alágbàká:
Ìrora ló ń sọ fún ọmọ náà pé kó dúró. Ẹ pa á tán, á sáré lórí iṣan tó ya. Dókítà ló ní ẹ̀tọ́ sí irú ìpinnu yẹn, kì í ṣe kóòṣì, kì í ṣe èmi náà. Ẹ sì bi fisió èyíkéyìí bóyá ó ní ìwé àṣẹ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ tó ń forúkọ àwọn fisió sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Agbani-níṣan Ìjàpọ̀:
Ẹ jẹ́ n bá yín mú ti ìdánrawò. Láti ọjọ́ kẹta, kó máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ a, b, d, e sí afẹ́fẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kó sì máa fi gìgísẹ̀ kọ́kọ́ tẹlẹ̀ bó bá ń rìn. Kíká ẹsẹ̀ kò láìlò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ń jẹ́ kí oríkèé gan.

Rọ́bà ìdánrawò wọ́n. Ẹ lọ bá fọ́kánásà, ẹ ra túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, ẹ gé e sí mítà 1 ààbọ̀. Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ fà á síta, 15 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó máa ka 1, 2, 3 bó ṣe ń dá a padà. Àwọn iṣan ẹ̀gbẹ́ ìta yìí ló ń gba ẹsẹ̀ sílẹ̀ bó bá fẹ́ yí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé itan ni wọ́n ń yí dípò ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ di orúnkún rẹ̀ mú.

Ẹ dán oríkèé wò báyìí: kó dojú kọ ògiri, kó tẹ orúnkún síwájú kó kàn án láìgbé gìgísẹ̀. Ẹ máa sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí agbára káká ló fi máa kàn án, ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo àárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ògiri. Bí ti ọ̀tún bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 kéré sí ti òsì, kò tíì tú.

Kóòṣì Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́ 10 náà ńkọ́?

Agbani-níṣan Ìjàpọ̀:
Kò dá mi lójú. Ẹsẹ̀ tó wú tó sì dúdú sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Ohun tí mo fẹ́ rí: kó dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan fún ìṣẹ́jú àáyá 30 pẹ̀lú ojú dídì, kó gbé gìgísẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n bíi ti òsì, kó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, kó sì dé ó kéré tán 90 nínú 100 ibi tí òsì dé. Lẹ́yìn náà, kó sáré, kó gé kọ́nà lójijì. Bó bá ń tiro nínú ọ̀kankan, kó jókòó. Pápá wa tó kún fún gegele kì í dárí ji ẹsẹ̀ tí kò tíì le.

Fisió Alágbàká:
Bó bá padà, kó máa wọ ìdè ọrùn ẹsẹ̀ tàbí téèpù nígbà ìdánrawò àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún oṣù mélòó kan, torí ẹsẹ̀ tó ti rọ́ rí ló máa ń rọ́ jù. Bó bá jẹ́ téèpù, ẹ fá irun ibẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí òógùn má baà tú u ní ààbọ̀ eré.