Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: pléètì wo ni kí n rà sínú ẹ̀wù ayẹta?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Houston ni mo wà, iṣẹ́ ọdẹ ni mò ń ṣe, òru ni mo sì máa ń wọṣẹ́. Ẹ̀wù ayẹta rírọ̀ ni wọ́n fún wa, IIIA, ìyẹn ìpele agbára rẹ̀, ni wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀gá ní ẹni tó bá fẹ́ pléètì líle kó fowó ara rẹ̀ rà á. Ti irin ló dínwó jù tí mo rí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, má rà á. IIIA tó wà lọ́rùn rẹ, ọta ìbọn ìléwọ́ ló ń dá dúró, ti ráífù á gbà á kọjá. O nílò pléètì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọta bá kan irin, ṣe ló ń fọ́n ká, èéfọ́ rẹ̀ á sì ta sí ọ̀fun, àgbọ̀n àti apá. Wọ́n á ní àwọn ti kùn ún lójú kó má baà ta. Èmi ò fọkàn tán ọ̀dà yẹn. M193 ńkọ́, ọta 5.56 tó kún ọjà? Bí ó bá ti súnmọ́ tòsí, ó lè lu AR500, irin líle tí wọ́n fi ń ṣe irú pléètì bẹ́ẹ̀, jáde.

Oníbèéèrè: Ha! Ẹ ṣé, sà. Ti polyethylene, irú ike kan, wá ńkọ́? Ó fúyẹ́.

Àbíkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ó fúyẹ́, ó sì ń dá M193 dúró. M855 tó ní irin lẹ́nu ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ooru náà kì í bá a lára mu, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Texas. Ẹ ra ti seramic tí wọ́n fi polyethylene tì lẹ́yìn: seramic á fọ́ ọta, èyí tó wà lẹ́yìn á gbá a mú. Ẹ má jẹ́ kó já bọ́ lórí kọnkéré o, ó lè sán nínú láìhàn síta.

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ ló sọ. Wá orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà pléètì náà nínú àkójọ NIJ, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ẹ̀wù ayẹta, kí o tó sanwó. Ìlànà tuntun, 0101.07, jáde ní 2023: ìpele III, ti ọta ráífù, di RF1, IV tó lágbára jù ú lọ di RF3, RF2 tó wà láàárín ni wọ́n fi M855 dán wò. Èyí tí wọ́n bá kọ ICW sí, orí ẹ̀wù rírọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, kò dá dúró.

Oníbèéèrè: Ìwọ̀n ńkọ́, sà?

Bàbá Ìbejì: Etí òkè rẹ̀ kó bá kòtò ọ̀fun rẹ dọ́gba. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń bò, kì í ṣe ikùn. Bí o bá jókòó sínú ọkọ̀ tó ń gún ọ lọ́fun, ó tóbi jù fún ọ.