Ta ló ti gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé Odò Ògùn dé Èkó rí?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ìbàdàn ni mo wà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ fi họlidé Dìsẹ́ńbà gun kẹ̀kẹ́ (ẹlẹ́sẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀kadà) lọ sí Abẹ́òkúta, ká wá máa bá Odò Ògùn lọ sísàlẹ̀, Mokoloki, Ìṣẹrí, títí dé ibi tó ti wọ ọ̀sà Èkó, ká wá tibẹ̀ wá etí òkun lọ. Mi ò fẹ́ gba ẹ̀sípírẹ́sì rárá, tírélà tó wà níbẹ̀ ò mọ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ léèyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, láti Abẹ́òkúta sí Mokoloki, ṣé ọ̀nà wà lẹ́bàá odò tí táyà kẹ̀kẹ́ lè gbà, àbí títì la máa padà sí? Ṣé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa ń bá èèyàn gbé kẹ̀kẹ́ sọdá? A tún nílò ibi tí a lè sùn tí ò ní wọ́n jù. Mo mọ̀ pé Sẹ̀tẹ́ńbà sí Òkítóbà tí wọ́n bá ń tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, Ìṣẹrí máa ń kún, ìyẹn ni mo ṣe mú Dìsẹ́ńbà, ọ̀rẹ́ mi ní ọyẹ́ ńkọ́, mo ní ọyẹ́ kì í gbé kẹ̀kẹ́ lọ jàre. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà lójú ọ̀nà yẹn náà, ẹ bá mi sọ.