Ẹ wá sọ tiyín: ọkùnrin àti obìnrin inú ìwé ìfẹ́ wo ló gba oorun lójú yín?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Kẹ́nikẹ́ni má wá wàásù fún wa nídìí ọ̀rọ̀ yìí o, àgbà ni gbogbo wa. Ìwé ìfẹ́ tó gbóná ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá tán tí òǹkọ̀wé ṣì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àmọ́ kì í ṣe ti inú yàrá yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ jù, torí ìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti ka díẹ̀ níbẹ̀ ẹ ti mọ ìyókù. Àwọn méjèèjì gan-an ni mo fẹ́ ká sọ. Irú ọkùnrin wo, irú obìnrin wo, kí ló wà láàárín wọn tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná?

Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Nígbà tí mo wà ní skúùlù àwọn nọ́ọ̀sì, Mills & Boon, àwọn ìwé ìfẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti òyìnbó yẹn, èyí tó jẹ́ ti dókítà àti nọ́ọ̀sì ló ń yí ká họ́sítẹ̀lì wa, torí wọ́n ní ọ̀wọ́ kan tó jẹ́ ti ọsibítù nìkan. Ẹ̀yìn ìwé la máa ń kọ orúkọ wa sí kí kálukú lè mọ ẹni tó kàn, ẹni tó bá sì jókòó lé e, wọ́n á wá kanlẹ̀kùn ẹ̀ lóru. Dókítà inú ìwé yẹn, ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ni ṣáá, á ga, á gbọ́n, kì í rẹ́rìn-ín, ohun kan á ti bà á lọ́kàn jẹ́ sẹ́yìn tí kò sọ fẹ́nì kankan. Nọ́ọ̀sì tuntun á dé láti ìlú míì, á sì sọ ọ́ sí i lójú níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù pé bó ṣe dá aláìsàn yẹn lóhùn ò dáa. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n wá gbé mi lọ sí iṣẹ́ alẹ́, mo ń wo ọ̀ọ́kán kí ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ tèmi náà yọ. Èyí tí mo bá, orí àga ló sùn sí tòun ti bàtà, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti àárọ̀ àná, mo jí i pé aláìsàn kan ń fẹ́ ẹ, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé "sístà, ṣé gààrí wà?" Gààrí wà lóòótọ́, ẹ̀pà náà wà. Kò sí nǹkan kan tó tibẹ̀ jáde o, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ṣì fẹ́ràn nínú àwọn ìwé yẹn dòní ni pé obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe irun ẹ̀ ni ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ kíyè sí, ohùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ tó ń sọ pé "rárá, sà." Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù rí mọ bó ṣe máa ń le tó kí nọ́ọ̀sì kékeré tó lè la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ fún kọnsọ́tántì. Lójú tèmi, ibi tó gbóná jù nínú ìwé nìyẹn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Oníwèé Dùgbẹ̀:
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́. Àwa la ń tà á fún yín. Ìwé àlòkù ni mò ń tà n'Ìbàdàn níbí, mo sì máa ń sọ fáwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé ìfẹ́ ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi, àwọn ìwé ńláńlá yòókù kàn ń gba eruku ni. Àwọn oníbàárà mi kì í fi orúkọ òǹkọ̀wé bèèrè, irú èèyàn tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n fi ń bèèrè. "Ẹ bá mi wá ti bílíọ́níà Gíríìkì." "Ṣé ti àwọn ọba Lárúbáwá wà?" "Èmi fẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ra wọn torí ogún, tí ìfẹ́ wá dé lẹ́yìn." Ìyá kan wà tó ń ta aṣọ òfì, tí ọ̀gá bá ti fẹ́ akọ̀wé ẹ̀ nínú ìwé, kò ní gbà á lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, ó ní ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ nílé òun rí.

Àwọn ìwé yẹn níwọ̀n o. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ àtijọ́ yẹn, ojú ewé bíi 190 ni, tó bá ti kù díẹ̀ kó parí, ìjà ńlá kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, ọ̀kan á di ẹrù ẹ̀, ìkejì á sáré tẹ̀ lé e. Oníbàárà mi kan máa ń ṣí ẹ̀yìn wò kó tó sanwó, tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lójú ewé tó gbẹ̀yìn á dá a padà fún mi. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ti pẹ́ gan-an, Gerald Mills àti Charles Boon ló dá a sílẹ̀ ní London ní 1908, kì í sì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, oríṣiríṣi ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó rí ibi tówó wà. Harlequin, ìyẹn ti Kánádà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Winnipeg ní 1949, ló wá rà wọ́n ní 1971. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ìtàn kan náà pẹ̀lú èèpo méjì, tí oníbàárà á rà á lẹ́ẹ̀mejì, á wá bá mi fa wàhálà bí ẹni pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Kí n tó ra àlòkù lọ́wọ́ èèyàn, mo máa ń gbé ìwé náà dúró lórí ọwọ́ kó ṣí fúnra ẹ̀. Ibi tó bá ṣí sí, ibẹ̀ ni wọ́n kà jù. Nígbà míì ewé ibẹ̀ ò tiẹ̀ sí mọ́, ẹnì kan ti fà á ya lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ara yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester:
Ẹ̀gbọ́n Oníwèé, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Níbí yìí, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àlòkù láti fi ṣàánú, ìwé yẹn pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, owó táṣẹ́rẹ́.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú. Màmá òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa, ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, láíbúrárì ló ń kó èyí tí lẹ́tà ẹ̀ tóbi wá fún un, nígbà tí kò wá lè ka ìyẹn náà mọ́ ó ní kí n máa kà á fún òun. Mo ní màmá, ṣé ó dá yín lójú? Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ohùn kan náà ni mo fi ń ka gbogbo ẹ̀ lọ gbuurugbu kí n lè tètè kúrò níbẹ̀, màmá wá ní "ka á dáadáa jọ̀ọ́, kì í ṣe pé o ń kéde ọkọ̀ ojú irin." Látìgbà yẹn ni mo ti ń fara balẹ̀.

Màmá yìí ò fẹ́ràn olówó. Ó ní àwọn bílíọ́níà yẹn kì í fọ abọ́. Tiẹ̀ ni ọkùnrin tó ń fọwọ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́, àgbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin, ẹni tó máa gun òrùlé obìnrin yẹn lọ bá a dí ibi tó ń jò láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà, ó fẹ́ kó ti lo ayé díẹ̀, kó ti sin ọkọ kan tàbí kó ti kọ ọ̀kan sílẹ̀. Tí ọkùnrin bá ti pariwo mọ́ obìnrin nínú ìwé, á ní kí n fo ibẹ̀. Tá a bá wá dé ibi tó gbóná, témi náà bá fẹ́ fò ó, á ní "pa dà sẹ́yìn."

Ìyá Mẹ́ta:
Ẹ má bínú o, èmi ò lè pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ẹ̀. Mo ti ka àwọn ti 1970 sí 1980 tó wà nínú àpótí àǹtí mi l'Abẹ́òkúta, inú bí mi gan-an ni. Ọkùnrin á gbá obìnrin lọ́wọ́ mú, obìnrin á ní rárá, òǹkọ̀wé á wá máa ṣàlàyé fún wa pé ẹnu ẹ̀ ló ń sọ rárá ọkàn ẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ ni. Jọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti fà lọ́wọ́ rí ní ọjà Bàlógùn pé kó wá ra bàtà mọ̀ pé kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Ojú obìnrin nìkan ni wọ́n sì máa ń fi sọ púpọ̀ nínú àwọn àtijọ́ yẹn, ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣe ọkùnrin yẹn títí dé ìparí, ṣáá ó ń bínú, ṣáá ó ń kan ilẹ̀kùn gbàgà. Àwọn tòde òní ń jẹ́ ká wọ inú ọkùnrin náà, ó máa ń bèèrè kó tó fọwọ́ kàn án, kò sì dín adùn ẹ̀ kù rárá, àfi tó tún fi kún un.

Tèmi ni tọkọtaya tó ti pínyà, tí nǹkan kan wá kó wọn pọ̀ sílé kan náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Wọ́n ti mọ àléébù ara wọn. Ọkùnrin mọ̀ pé obìnrin kì í fi ṣúgà sí ẹ̀kọ, obìnrin náà mọ̀ pé tí ọkùnrin bá ti ń súfèé, ó ń pa irọ́ kan mọ́ra ni. Kò sí pé wọ́n ń tan ara wọn, gbèsè ẹ̀bẹ̀ ló wà ńlẹ̀, ẹni tó máa kọ́kọ́ bẹ̀ ni gbogbo wa ń dúró dè. Tó bá wá bẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbà mí.

Òǹkọ̀wé Orí Fóònù:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ sókè sódò, ẹ ò rántí pé obìnrin inú ìwé òyìnbó yẹn, ọmọ òrukàn ló sábà máa ń jẹ́. Bàbá ti kú, màmá ti kú, tó bá ní ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé Ọsirélíà nìyẹn ń gbé. Ohun tó ṣe lè tẹ̀ lé bílíọ́níà tí ò mọ̀ rí lọ sí erékùṣù ní Gíríìsì nìyẹn, ta ló fẹ́ bi í pé ọmọ ta ni? Èmi tí mò ń kọ ọ́, mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀kan, àwọn tó ń kà á ò gbà fún mi, wọ́n ń bèèrè pé ẹbí bàbá ẹ̀ ńkọ́, ta ló sìnkú, ta ló ń gbé ilé wọn báyìí. Mo bá mú àǹtí kan wọlé láti Ìlá Ọ̀ràngún, ó gbé iṣu dání, ó kanlẹ̀kùn lákòókò tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kó kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin inú ìwé mi jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ojú ń tì í àmọ́ kò sá, ó tún gba iṣu lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́run mọ̀ pé kò sí ọkùnrin kankan tí mo tíì kọ táwọn obìnrin fẹ́ràn tó ìyẹn, ẹnì kan ní kí n fún òun ní nọ́ńbà ẹ̀.

Ìgbà tí Cassava Republic, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ilẹ̀ wa, gbé Ankara Press, ẹ̀ka wọn tó ń tẹ ìwé ìfẹ́, jáde ní 2014, inú mi dùn torí ìyẹn gan-an, obìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ìfẹ́ tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa, tó sì gbóná bó ṣe yẹ. Orí OkadaBooks, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀pọ̀ wa tún ti ń tà kí wọ́n tó kógbá wọlé ní 2023. WhatsApp ló kù, orí kan lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sanwó á rí ìyókù. Mo máa ń gé e síbi tí ọwọ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọwọ́. Alẹ́ yẹn ni álẹ́ẹ̀tì máa ń wọlé jù.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ-ọmọ mi wá wò mí ní yàrá. Oníwèé, ìwọ ni mo fẹ́ bi. Gbogbo obìnrin tẹ́ ẹ tò sílẹ̀ yìí, ṣé ẹ̀yìn ń dun ọ̀kankan nínú wọn? Ṣé o ò ní èyí tí obìnrin ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí ọkùnrin náà ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ṣì ń wo ara wọn bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe torí ẹnì kankan ni mo fi bèèrè o.

Oníwèé Dùgbẹ̀:
Ẹ kú àgbà, mà. Ẹyọ kan péré ni mo ní, opó kan àti dókítà ẹranko ni, ìgbèríko ni wọ́n wà. Àmọ́ ó ti tà, mà. Bàbá kan ló wá rà á, òun náà ní kì í ṣe torí ẹnì kankan.