Glaucoma màmá mi: lésà, trabeculectomy àbí túùbù, èwo ni ká mú?

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ojú màmá mi. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú níbí, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Glaucoma ọ̀hún, àìsàn tí prẹ́ṣà inú ojú fi ń pa ojú díẹ̀díẹ̀, ti wà lójú wọn tipẹ́, oríṣi oògùn mẹ́ta ni wọ́n ń kán báyìí, síbẹ̀ prẹ́ṣà ojú ò wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí kọ́sítọ́mà bá gba ẹ̀gbẹ́ òsì wọlé wọn ò ní mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀ àfi tó bá sọ̀rọ̀. Dókítà ní ká lọ rò ó, ó dárúkọ trabeculectomy, ó dárúkọ túùbù, ó tún ní lésà wà. Àwọn ẹbí ní tí ọ̀bẹ bá ti kan ojú, ó ti fọ́ nìyẹn. Ta ni èèyàn ẹ̀ ti ṣe é rí?

Bọ̀dá Pánṣẹ́kẹ́
Lésà ni kẹ́ ẹ ṣe jàre. Àbúrò mi ṣe é, kò sí ọ̀bẹ, wọn ò rán nǹkan kan, ọjọ́ yẹn náà ló wọ mọ́tò padà sílé, prẹ́ṣà sì wálẹ̀.

Ìyá Ìbejì Aṣéro
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á ṣọ́ màmá. Trabeculectomy ni bàbá mi ṣe. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jókòó ti màmá kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ibi tí ojú ti kú ò ní jí mọ́ o. Bàbá mi rò pé tí wọ́n bá ti ṣí báńdéèjì àwọn á máa ka Bíbélì láìlo awò, ìgbà tí wọ́n wá ṣí i tí gbogbo nǹkan ń ṣe bàìbàì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú bí wọn débi tí wọn ò fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni kó tó padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ ohun tó kù lójú wọn nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Tí wọ́n bá wolẹ̀ tẹ́ ẹ gbé ìpéǹpéjú sókè, ẹ máa rí ibi tó wú díẹ̀ bí ìléròrò, ibẹ̀ ni omi inú ojú ń gbà jáde.

Nọ́ọ̀sì Ojú
Ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bọ̀dá, lésà tẹ́ ẹ sọ yẹn, SLT ni, ó ń jẹ́ kí omi inú ojú ráyè jáde kí prẹ́ṣà lè wálẹ̀, ó dáa gan-an fún ẹni tí àìsàn ò tíì le lójú ẹ̀. Ní Tanzania wọ́n fi wé timolol, oògùn tí wọ́n ń kán sójú, lẹ́yìn ọdún kan lésà ṣiṣẹ́ nínú ojú 61 nínú 100, timolol 31 péré. Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ máa ń dín kù tó bá yá, ẹni tó sì ti ń kán oògùn mẹ́ta tí prẹ́ṣà ò gbọ́, SLT nìkan lè má ká a. Lésà kejì tún wà tó ń dín omi tí ojú ń pèsè kù, wọ́n sábà máa ń fi í pa mọ́ fún ojú tí ò ríran dáadáa mọ́, ẹ béèrè èwo ni dókítà ń sọ.

Trabeculectomy ni pé wọ́n á ṣí ọ̀nà kékeré sí funfun ojú, wọ́n á fi awọ fẹ́lẹ́ tó wà lórí funfun ojú bò ó kí omi inú ojú lè máa jò sábẹ́ awọ náà. Láti 1968 ló ti wà. Wàhálà ẹ̀ ni pé ara á fẹ́ jinná dí ọ̀nà yẹn, àpá sì máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi mitomycin, oògùn tó ń dín àpá kù, síbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi í bóyá á lò ó. Túùbù ní tiẹ̀, wọ́n á ti ẹnu ẹ̀ bọ inú ojú, wọ́n á rán ìdí ẹ̀ mọ́ abẹ́ awọ, kí omi lè gba inú ẹ̀ jáde. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí rí, láàárín ọdún 5 túùbù kùnà ní nǹkan bí 30 nínú 100, trabeculectomy 47. Ojú tí wọn ò fọwọ́ kàn rí ńkọ́? Ibẹ̀ ni trabeculectomy ti máa ń mú prẹ́ṣà wálẹ̀ jù, tí oògùn sì máa ń dín kù.

Tó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, tí wọn ò ṣe nǹkan kan sójú rí, trabeculectomy pẹ̀lú mitomycin ni màá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tó yẹ ojú wò ló máa sọ èyí tó yẹ.

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ ṣé gan-an ni ma. Ibo ni ká ti ṣe é, Ìbàdàn àbí Abẹ́òkúta níbí? Ìgbà wo ni wọ́n máa lè padà sọ́jà?

Nọ́ọ̀sì Ojú
Àyẹ̀wò ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ pọ̀ gan-an lóṣù àkọ́kọ́, nígbà míì wọ́n máa ń tú òwú tí wọ́n fi rán an tàbí kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀ kó má baà dí, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé owó mọ́tò Ìbàdàn á jẹ́ kẹ́ ẹ máa fò ó, ẹ béèrè ní FMC Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta níbí kọ́kọ́. Ọjà á dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí màmá má gbé ẹrù àdìrẹ, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí omi aró má ta sójú, kí wọ́n má fọwọ́ ra á. Tí ojú yẹn bá sì pọ́n, tó ń ro wọ́n tàbí tó ń sun ọyún, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá sígbà tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn dé hospital, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ìyá yín náà, ṣé ẹ ti yẹ ojú yín wò? Glaucoma máa ń rìn nínú ẹbí.

Ọmọ Ìtòkú
A ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò ma. Màá pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣágámù lálẹ́ yìí, ká lè jọ bá màmá lọ.