Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́, kí lẹ ń ṣe pẹ̀lú ohun tí ojú yín ń rí lọ́nà?

Arìnnà Àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì ń gùn ún bọ̀. Kìlómítà 9 ni àlọ, 9 ni àbọ̀, ọ̀nà kan náà sì ni, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á rin nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan; èmi máa ń rin bíi 16. Ìwọ̀n ìrìn yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Mi ò ní pẹ́ délé, síbẹ̀ mi ò yára débi tí mi ò ní rí ojú ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí gíláàsì láàárín èmi àti ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá ń sunkún nínú ilé, mo ń gbọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn, òórùn ọ̀dà á ti pàdé mi kí n tó débẹ̀.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ nǹkan sí tí mo bá délé, kì í ju ìlà mẹ́ta mẹ́rin lọ. "Wọ́n ti gé ẹ̀ka igi tó bo iná pópó." "Àwọn ọmọ iléèwé méjì tó jà lọ́jọ́ Ajé ti tún jọ ń rìn." "Obìnrin aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé." Ọjọ́ tí ará àdúgbò bá fi okùn dí ojú pópó nítorí ayẹyẹ ni ìwé máa ń kún. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, n kì í wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ mi gba àárín èrò kọjá. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọdébìnrin kan ni wọ́n fi ṣọ́ okùn náà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ kí i. Àwọn àgbà gan-an kí i.

Ohun tó gbé mi wá síbí rèé. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, ní agbedeméjì ọ̀nà mi. Àràárọ̀ la máa ń kí ara wa: èmi á tẹ aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn náà á gbé ọ̀pá wọn sókè. Ọdún mẹ́fà, mi ò mọ orúkọ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi rí wọn. Àga wọn wà níbẹ̀, ewé ti jábọ́ sórí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Àga ṣófo." Lọ́jọ́ kejì mo tún kọ ọ́. Ìgbà tí mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ojú tì mí. Ó lè jẹ́ pé èèyàn ń jẹ̀rora, èmi ń kọ̀wé.

Ṣé ó tọ́ kí ẹni tó kàn ń kọjá lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí kò wọ̀ rí? Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe?

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́

Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀. Lọ́la ni kí o sọ̀ kalẹ̀, má tún kọ "àga ṣófo" lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ẹni tí ẹ ti ń kí ara yín láti ọdún mẹ́fà kì í ṣe ẹni tí o kò mọ̀. Orúkọ nìkan ló kù tí o kò tíì bèèrè.

Ṣùgbọ́n má lọ kan ilẹ̀kùn tiwọn tààrà. Ilé tó tẹ̀ lé e ni kí o kọ́kọ́ yà sí, lójúmọmọ. Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ síbi tí wọ́n á ti rí i, ṣí àkóòtó kúrò lórí kí wọ́n rí ojú rẹ, kí o wá sọ pé ìwọ lo máa ń tẹ aago láàárọ̀. Wàá rí i pé wọ́n ti mọ aago yẹn.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́. Ohun tí mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé mo fẹ́ máa jáde nígbà tó bá wù mí, láì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbé mi. Susan B. Anthony, ará Amẹ́ríkà tó jà fún ẹ̀tọ́ ìbò àwọn obìnrin, sọ ọ́ lọ́dún 1896 pé lójú tòun, kẹ̀kẹ́ ti ṣe ju ohunkóhun mìíràn láyé lọ láti dá obìnrin sílẹ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí ó ṣe é fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ọ̀nà yẹn náà yóò tún so mí mọ́ èèyàn.

Lọ́jọ́ kan táyà ẹ̀yìn mi lu. Mo da kẹ̀kẹ́ dé, mo ti yọ tíùbù, mò ń fetí sí i bóyá màá gbọ́ ibi tó ti ń jò. Obìnrin kan tí mi ò bá sọ̀rọ̀ rí gbé abọ́ omi jáde, mi ò tíì bèèrè. Ó rẹ tíùbù náà sínú omi, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ọn títí omi fi hó kínkín níbì kan. Ó fi ìka dí ibẹ̀. Bó ṣe fi ìka dí i yẹn ló bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọrin mọ́ láti bí oṣù méjì. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ orin mi. Ìyá mi ló kú ní oṣù méjì yẹn.

Ṣéènì Kò Já

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín pa ìwé yẹn tì. Irú rẹ̀ ló yọ àdúgbò tèmi nínú ewu.

Irin ìdérí gọ́tà kan wà ní ibi tí ọ̀nà wa ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ọ̀nà ṣe gùn lọ ni wọ́n to ọ̀pá irin náà lọ, àlàfo àárín wọn sì fẹ̀ ju táyà kẹ̀kẹ́ tóóró lọ. Ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: táyà iwájú á rì sínú àlàfo, kẹ̀kẹ́ á dúró gbagidi, ẹni tó gùn ún á fò gba orí háńdù lọ. Ọlọ́kọ̀ kò lè rí i, kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ á kàn gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Àwa nìkan la rí i.

Mo kọ ọjọ́ àti aago tí mo rí ẹni tó ṣubú níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn ká eyín iwájú. Ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà, wọ́n kọ́kọ́ ní kí n padà wá. Mo padà lọ, mo gbé rúlà àti táyà ògbólógbòó kan dání, mo ki táyà náà bọ àárín irin lójú ẹni tí wọ́n rán tẹ̀ lé mi. Ó wolẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n yí irin náà dábùú. Kò ju iṣẹ́ ìdajì wákàtí lọ.

Rọra Wà Á

Èmi fẹ́ sọ ohun kan tó yàtọ̀ díẹ̀. Irin gọ́tà kò ní àṣírí, èèyàn ní. Ẹ máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má kọ nọ́ńbà ilé, ẹ má ya fọ́tò ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ ń ya òun, ẹ má sì gbé wákàtí tí ẹnì kan ń jáde nílé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olè náà ń kàwé. Kámẹ́rà wà lórí háńdù mi tẹ́lẹ̀; mo yọ ọ́ nígbà tí mo rí i pé àwọn ọmọdé tó máa ń sáré tẹ̀ lé mi ti ń sá pa mọ́ fún un.

Ní ti ayẹyẹ, ẹ ṣeun tí ẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ti ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ báyìí; ó ti di ti gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti aago méje àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán, ọ̀nà tó lé ní 100 kìlómítà, kí oníkẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ lè ráyè. Ibi tí wọ́n bá ti fún oníkẹ̀kẹ́ láyè bẹ́ẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tó sáré kọjá láàárín òkú tí wọ́n ń sin lọ tàbí láàárín àwọn tó ń jó, gbogbo wa ló bà lórúkọ jẹ́.

Ẹ lọ wo Bàbá o. Mò ń retí èsì.

Arìnnà Àárọ̀

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìyá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí.

Obìnrin ilé kejì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Ó ní, "Aago ẹ̀ẹ̀mejì!" Orúnkún ló wú mọ́ Bàbá lẹ́sẹ̀, ọmọ wọn obìnrin sì ti wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú mo rí ọ̀pá tó gbéra sókè láti ọ̀nà jíjìn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kí wọn, mo sọ orúkọ mi, wọ́n sọ tiwọn. Wọ́n ní àwọn máa ń lo oògùn àárọ̀ àwọn tí mo bá ti tẹ aago, pé gbogbo ọjọ́ tí àwọn fi wà lọ́dọ̀ ọmọ, oògùn ń pẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí lójú, wọ́n bi mí pé ibo ni mo wà fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún tó kọjá. Àwọn ti rò pé mo ti kó lọ.

Mo sọ fún wọn pé mo ṣubú, pé ọrùn ọwọ́ mi ló yẹ̀. Wọ́n ní kí n nà án wá. Wọ́n fi ọ̀pá ti ògiri, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn ọwọ́ náà mú, wọ́n yí i sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, wọ́n ń wo ojú mi bóyá ó ṣì ń dùn mí.